Nípa Ajá Tó Tóbi Ju Ẹ̀gbọ́n Yín Lọ

Dádì mi àtàtà,

Ìròyìn ayọ̀ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n ẹ ó kúkú gbọ́ èyí lọ́jọ́ kan, ó sì sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi. Mo ya ẹ̀gbọ́n yín sára ògiri, mo sì jẹ́ kí ajá Pólìn tóbi jù wọ́n lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí gbọ̀ngàn tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀sìtéètì wa ní Peckham, níbi tí ẹ ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò láràárọ̀ Sátidé lẹ́yìn tí ẹ fẹ̀yìn tì. Nígbà tó pé ọdún kan tí ẹ ti lọ, Pólìn pè mí. Òun ni alága àwọn ayálégbé báyìí. Ó ní ìgbìmọ̀ ti jókòó, wọ́n sì fẹ́ kí ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà gbé àwòrán yín, ẹ̀yin àti ìdílé yín. Káńsù ìbílẹ̀ ti gbà, wọ́n tiẹ̀ ti gbé pẹ́ńtì wá. Nígbà tí wọ́n sì béèrè ẹni tó máa yà á, òun Pólìn ló ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá ẹnikẹ́ni kiri, pé pẹ́ńtà ni ọmọ olóògbé.

Dádì, ẹ mọ irú pẹ́ńtà tí mo jẹ́. Ilé ni mò ń kùn. Ẹ fún mi ní yàrá mẹ́ta àti páálọ̀ kan, lọ́jọ́ kejì gbogbo rẹ̀ á ti funfun, ẹ ò sì ní rí ẹ̀kán pẹ́ńtì kan nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán tí mo yà kẹ́yìn, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà. Ẹja ni mo yà, tíṣà sì yìn mí pé bàtà náà dára. Èmi àti Pólìn la jọ wà ní kíláàsì yẹn, ó yẹ kó rántí. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un. Ó ní pẹ́ńtì ni pẹ́ńtì. Ó tún ní bí mi ò bá ráyè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní New Cross tí wọ́n máa ń ya ògiri lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rò ó wò pé ọmọ ogún ọdún kan á wá ya bàbá mi ní olójú kan, orí aláwọ̀ ewé, á ní bí ọkàn òun ṣe rí wọn nìyẹn. Mo bá gbà.

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi gbà. Láti ìgbà tí a ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ yín, Mọ́mì àti ẹ̀gbọ́n yín, Àǹtí Stockwell, ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Àǹtí fẹ́ kí a gbé yín lọ sílé, sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ sùn ti ìyá yín. Mọ́mì ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún àwọn pé ibi tí ẹ bá kú sí ni kí wọ́n sin yín sí. Ọjọ́ kejì ikú yín la sì sin yín síbí, kí Àǹtí tó rí ẹni tó máa bá wọn wádìí ọkọ̀ òfuurufú. Àǹtí ní àbúrò àwọn ò sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún àwọn rí. Ṣé lóòótọ́ lẹ sọ ọ́, Dádì? Mi ò lè bi Mọ́mì. Bí mo bá bi wọ́n, ó dà bí ẹni pé mi ò gbà wọ́n gbọ́.

Èmi ni mo wá di fóònù láàárín àwọn méjèèjì. Àǹtí á pè láti Stockwell, wọ́n á ní kí n bá àwọn sọ fún ìyàwó wa pé ìkòkò ńlá àwọn wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mọ́mì tó jókòó tì mí, tó sì ń gbọ́ gbogbo ohùn Àǹtí kedere, á ní kí n sọ fún wọn pé àwọn ò rí ìkòkò kankan. Àǹtí náà á ti gbọ́ ìyẹn. Síbẹ̀ wọ́n á dúró kí n tún un sọ. Mo wá rò pé bí mo bá lè kó wọn jọ sára ògiri kan, bóyá ara wọn gan-an á tẹ̀ lé e.

Bí mo ṣe di ayàwòrán nìyẹn. Orí fóònù ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́. Ọkùnrin kan nínú fídíò ṣàlàyé pé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, àwọn ará Ítálì kan rí ọgbọ́n kan: kí o mú ojú ibì kan ṣoṣo lára ògiri, kí o jẹ́ kí gbogbo ìlà ilẹ̀ àti ti àjà máa sá lọ síbẹ̀, ògiri tó tẹ́ pẹrẹsẹ á sì là bí yàrá. Dádì, inú mi dùn. Ìlà ni iṣẹ́ mi! Mo kan ìṣó kan mọ́ àárín ògiri, mo so okùn tí mo fi ẹfun pa mọ́ ọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, mò ń tá a mọ́ ògiri, tá, tá, tá. Láàárín wákàtí méjì gbọ̀ngàn yẹn ti gùn sí i ní ìlọ́po méjì. Táìlì ń lọ, àjà ń lọ, ilẹ̀kùn kékeré kan wà lọ́hùn-ún bí ẹni pé èèyàn lè gba ibẹ̀ lọ sí Lewisham. Mo bọ́ sẹ́yìn, mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Ṣùgbọ́n yàrá tó ṣófo ni mo mọ̀ ọ́n yà. Èèyàn ló kù. Mo fi yín sáàárín, mo fi Mọ́mì sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Àǹtí, mo fi wọ́n sẹ́nu ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún, torí àwọn ló máa ń ti ilé ìdáná gbọ̀ngàn ní ọjọ́ Sátidé tí gbogbo èèyàn bá ti lọ. Mo rò pé iyì ni. Ní iwájú pátápátá, pẹ́ńtì kan ti já bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ṣe àpá tí kò ṣeé nù. Pólìn ti ń bẹ̀ mí pé kí n fi ajá òun kún un. Mo bá ya ajá náà bo àpá yẹn.

Àárọ̀ Sátidé ni Àǹtí wá wò ó. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì méjì. Wọ́n fi awò ojú wọn sójú. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá béèrè èwo ni àwọn. Mo nà án sí wọn. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n tẹ̀ síwájú sí i. Wọ́n wo ara wọn, tí kò ju ife omi lọ, wọ́n sì wo ajá, tó tó fìríìjì.

Wọ́n bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni ajá náà. Mo ní mẹ́fà.

Wọ́n ní, “Èmi di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.”

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo ní ẹni tó bá jìnnà ló máa ń kéré lójú, pé bí ojú èèyàn ṣe ń ríran nìyẹn, pé àwọn ará Ítálì ló ṣe ìwádìí rẹ̀. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà wọ́n mú báàgì wọn.

“Ta ló ní kí n lọ dúró sí ọ̀nà jíjìn?” ni wọ́n wí. “Ẹ tì mí sẹ́yìn nígbà tí ẹ ń sin àbúrò mi. Ẹ tún wá tì mí sẹ́yìn lára ògiri.”

Ká ní Mọ́mì, tí wọ́n wà níbẹ̀, dákẹ́ nígbà yẹn, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n ojú wọn bọ́ sára ajá náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu wọn. Mo mọ̀ pé ajá ni wọ́n ń rín, Dádì. Àǹtí ò mọ̀. Wọ́n jáde, wọn ò sì gbé fóònù mi fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Àáliyà ni ó rí ọ̀nà àbáyọ, ọmọ-ọmọ yín tó gbọ́n jù mí lọ. Ó ti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Lewisham dé, ó gbọ́ ẹjọ́ náà, ó ní, “Dad, just take them to Grandad's rooms, jàre. Everything tí wọ́n ń jà lé lórí, ó wà níbẹ̀.” Mo béèrè báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní ẹ̀yin lẹ mú òun lọ, ìgbà mẹ́rin.

Ìgbà mẹ́rin. Èmi ńkọ́? Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ fi ṣọ́ àwòrán ní gálárì ńlá tó wà ní àárín ìlú yẹn, ẹ sì ń pè mí lọ́dọọdún pé kí n wá wo yàrá yín. Ohun kan náà ni mo máa ń sọ: ògiri ni mò ń wò láti àárọ̀, kí ni mo tún ń lọ wo ògiri fún. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ ò sì bínú rí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ń tì mí. Bàbá àwọn ọ̀rẹ́ mi ń wa ọkọ̀, wọ́n ń ta ọjà, bàbá tèmi dúró sí igun yàrá, kò ṣe nǹkan kan. Bí mo ṣe rò ó nígbà náà nìyẹn. Mo mọ yunifọ́ọ̀mù yín tí ẹ máa ń lọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè rìn nínú ilé ìdáná Mọ́mì láìká ọwọ́ sẹ́yìn, ẹ ó rọra yí ìkòkò po bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo gbé tẹlifíṣọ̀n tuntun wá, ẹ ní kí àwọn àlejò sún sẹ́yìn díẹ̀. Gbogbo ìyẹn ni mo mọ̀. Ohun tí ẹ ń wò ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni mi ò mọ̀.

Mo bẹ Àǹtí láti ẹnu ọ̀nà wọn ní Stockwell títí wọ́n fi gbà. Ní ọ̀sán Wẹ́sìdeè kan, àwa mẹ́ta wọ bọ́ọ̀sì nọ́ńbà méjìlá. Mọ́mì jókòó síwájú, Àǹtí jókòó sẹ́yìn, èmi dúró sáàárín. Ní Camberwell, Àǹtí ní kí n bi ìyàwó wa bóyá òtútù ò mú un lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn. Mọ́mì ní kí n sọ fún wọn pé ara àwọn le. Obìnrin kan tó jókòó nítòsí mi wò mí pẹ̀lú àánú.

Mísítà Kófí ló dúró dè wá, ará Gánà tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ títí ẹ fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ṣì wà nínú yunifọ́ọ̀mù, ó ku oṣù díẹ̀ kí àwọn náà fi í sílẹ̀. Wọ́n tẹrí ba fún Àǹtí, wọ́n dì mọ́ Mọ́mì díẹ̀, wọ́n wá wò mí. Wọ́n ní, “Ìwọ ni pẹ́ńtà. Ó máa ń sọ pé ọmọ òun ló kun ilé ìwòsàn kan látòkè délẹ̀, láìsí ẹ̀kán kan nílẹ̀.” Mi ò mọ̀ pé ẹ ń ròyìn mi. 

Wọ́n mú wa lọ sí yàrá wúrà, yàrá yín. Dádì, ẹ ti ń sọ ọ́ fún mi láti kékeré, mo sì rò pé àsọdùn ni. Gbogbo ògiri ń dán. Mísítà Kófí ní wúrà gidi ni, tí wọ́n lù títí ó fi fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pákó. Pupa ẹyin sì ni àwọn ayàwòrán ìgbà náà fi ń po àwọ̀ wọn. Kò sí ojú ọ̀run níbẹ̀, kò sí igi, kò sí òjìji. Màríyámù jókòó sáàárín, ó tóbi bí ilé, àwọn áńgẹ́lì tò sọ́tùn-ún sósì bí agolo tòmátò lórí pẹpẹ, àwo wúrà wà lẹ́yìn orí kálukú wọn. Ọmọ tó gbé lọ́wọ́ dà bí ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún tó ń dúró de owó ìfẹ̀yìntì. Nísàlẹ̀ pátápátá, ọkùnrin kan kúnlẹ̀, kò ga ju bàtà mi lọ. Òun ló ní kí wọ́n ya àwòrán náà.

Àǹtí béèrè ìdí tó fi kéré bẹ́ẹ̀. Mísítà Kófí ní torí pé kò níyì tó Màríyámù ni. Láyé ìgbà náà, bí èèyàn bá ṣe jẹ́ pàtàkì tó ni wọ́n ṣe ń yà á tóbi tó. Ibi tó dúró sí ò já mọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń sọ ọ́ fún àwọn àlejò pé àwọn wọ̀nyí mọ ọ̀wọ̀.

Àǹtí yíjú sí mi.  

Ṣùgbọ́n Mọ́mì, tí wọ́n ti ń rán aṣọ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ń wo aṣọ Màríyámù. Wọ́n sọ fún mi, kí n lè sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, pé aṣọ náà dára o, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ìlà wúrà kàn ń lọ láti ọrùn dé ilẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n fi hángà kọ́. Ẹsẹ̀ gbogbo wọn náà ò kan ilẹ̀. Wọ́n léfòó díẹ̀.

A ń lọ láti yàrá dé yàrá, nǹkan sì ń yí padà. Mísítà Kófí ní kì í ṣe ọjọ́ kan ló ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó jí lówùúrọ̀ tó ní Àtúnbí, bí àwọn òyìnbó ṣe ń pe sáà tí ọ̀nà àwòrán yí padà yẹn, ti bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ayàwòrán kan á fi wúrà sẹ́yìn bíi ti bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n á fi òjìji díẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n ẹnì kan. Òmíràn á ya ẹnì kan tó kẹ́yìn sí wa, bí èèyàn ṣe ń kẹ́yìn síni ní ọjà. Òmíràn á yọ wúrà kúrò pátápátá, á fi òkè àti ojú ọ̀run síbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi òróró rọ́pò ẹyin, èyí tó máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, wọ́n sì lè rọra mú ìmọ́lẹ̀ wọnú òkùnkùn láìsí ààlà. Ìyẹn yé mi. Mo mọ ìyàtọ̀ láàárín pẹ́ńtì tó ń yára gbẹ àti èyí tó ń dúró deni.

Ní yàrá kẹta, Mọ́mì dúró gbọn-in níwájú Màríyámù mìíràn. Wọ́n tẹ orí sọ́tùn-ún, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sósì.

“Ẹni yìí ní orúnkún,” ni wọ́n wí.

Ó ní orúnkún lóòótọ́. Aṣọ búlúù rẹ̀ ká lé orí orúnkún náà, ó wúwo, ó wólẹ̀ láàárín itan méjèèjì, ọmọ tó gbé náà sì ti di ọmọ gidi, ó ní ẹran lára. Bàtà Màríyámù tẹ ilẹ̀, òjìji kékeré sì wà níbi tó ti tẹ̀ ẹ́. Mísítà Kófí fi ìka tọ́ka sí òjìji yẹn fún mi láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ní bí mo bá máa mú ohun kan ṣoṣo lọ sílé, kí n mú ìyẹn.

Ibẹ̀ náà la ti rí ilẹ̀ alátáìlì tó ń sá lọ sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣe é, kí n má purọ́, tiwọn dára jù. Ọba kan wà lọ́hùn-ún tó kéré ju ajá kan tó wà níwájú lọ. Mo nà án sí Àǹtí. Mísítà Kófí ní ẹ̀yin ò fẹ́ràn apá yẹn rárá. Ẹ máa ń sọ pé ọgbọ́n náà pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti sọ gbogbo èèyàn di ẹni tí ibi tó dúró sí ń díwọ̀n rẹ̀.

Yàrá tó kàn ni wọ́n mú wa dé gbẹ̀yìn. Àwòrán kan wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn gbé òkú kan sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibojì. Ní yàrá wúrà, bí ẹnikẹ́ni bá ń sunkún, ọwọ́ kàn wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni, ojú rẹ̀ á dákẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin inú àwòrán yìí, ẹnu rẹ̀ ti wọ́, imú rẹ̀ ti pọ́n. Ó dà bí àwa.

Mísítà Kófí ní nígbà tí ìròyìn ikú ìyá yín dé láti ilé, tí ìwé ìgbélùú yín ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba tí ẹ ò sì lè rìnrìn àjò, ẹ bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n gbé yín kúrò ní yàrá wúrà fún ọ̀sẹ̀ kan. Níwájú àwòrán yìí lẹ dúró sí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ ò sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni àfi àwọn. Wọ́n tún ní ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú ọ̀sẹ̀ yẹn lẹ sọ fún àwọn pé, “Kófí, bí mo bá kú, kí wọ́n sin mí síbi tí mo bá wà. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa dúró de ọkọ̀ òfuurufú nítorí mi.”

Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ wọn, Dádì. Wọn ò mọ̀ pé ìjà kankan wà. Wọ́n kàn ń ròyìn ọ̀rẹ́ wọn fún ìdílé rẹ̀.

 Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni Àǹtí ti rò pé ẹ ò wá síbi ìsìnkú ìyá yín torí pé London ti dùn mọ́ yín jù. Ẹ ò ṣàlàyé fún wọn rí. Kí ló dé tí ẹ ò ṣàlàyé? Wọ́n dúró, wọ́n gbé ọ̀pá wọn sọ́wọ́ kejì, èjìká wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọn ò tíì sunkún láti ọjọ́ tí ẹ ti kú. Ìbínú ni wọ́n ń ṣe.

Mọ́mì wò mí. Mo rò pé iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ rán mi. Wọ́n kọjá lára mi.

“Àǹtí, ẹ jókòó. Ẹsẹ̀ yín á ti máa dùn yín.”

Àǹtí jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà láàárín yàrá náà. Nígbà tó ṣe, wọ́n sún díẹ̀.

“Ìyàwó wa, ìwọ náà jókòó.”

Mo fi wọ́n sílẹ̀. Mo lọ sí igun kejì, mo ń wo ẹṣin kan tí wọ́n yà láti ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé ìdí rẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi wo ìdí ẹṣin yẹn. Nígbà tí omi ojú ò jẹ́ kí n rí i dáadáa mọ́, mo tẹ̀ síwájú, aago ìdágìrì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Gbogbo yàrá yíjú sí mi. Ọmọ ẹni tó ṣọ́ ibẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!

Nígbà tí a ń padà bọ̀, àwọn méjèèjì jókòó pọ̀, èmi ni mo lọ sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ àwòrán mi ni wọ́n ń sọ láti Elephant dé Peckham. Wọ́n fẹnu kò lórí gbogbo rẹ̀. Kò sí ibi kankan tó dára nínú rẹ̀.

Mo fi funfun pa á rẹ́. Mo ronú fún ọjọ́ mẹ́ta, mo wá rí i pé bí gbogbo èèyàn bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà níwájú, kò sẹ́ni tó máa jìnnà, kò sì ní sẹ́ni tó máa kéré. Ẹ wà láàárín. Mọ́mì wà lósì yín, Àǹtí wà lọ́tùn-ún, èmi àti Àáliyà wà ní ìkángun. Àǹtí ní dandan ni kí orí àwọn fi ìka mẹ́rin ga ju tiyín lọ, torí ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi jù yín lọ. Wọ́n mú téèpù Mọ́mì wá wọ̀n ọ́n. Mọ́mì ò béèrè ju orúnkún lọ. Mo kun gbogbo ẹ̀yìn wa ní àwọ̀ wúrà bíi ti yàrá yín, mo sì fi òjìji sábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ajá wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ìrù rẹ̀ nìkan ló jáde. Pólìn bínú fún wákàtí kan.

Àwọn obìnrin Àsàlátù tó ń lo gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Sọ́ńdè sọ pé àwọn ò lè kírun kí ojú èèyàn máa wo àwọn. Mo rántí pé Mísítà Kófí fi àwòrán pákó kan hàn wá tó ní ilẹ̀kùn méjì, tí wọ́n ń ṣí nígbà ọdún, tí wọ́n ń tì nígbà tó kù. Mo gbé ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù àtijọ́ yín, mo kàn án mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè a máa ń tì yín.

Ojú yín ló pẹ́ jù. Àwọn ayàwòrán yàrá wúrà ò bìkítà bóyá ojú jọ ẹni tó ni ín, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya oníṣòwò pẹ̀lú imú rẹ̀ gan-an. Èmi náà fẹ́ imú yín gan-an. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo fọ́tò yín, ẹ ń yíjú kúrò, ẹ ń ṣọ́ nǹkan. Àǹtí àti Mọ́mì gbé àga síwájú ògiri, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń darí mi. Ọ̀kan á ní imú ti fẹ̀ jù. Èkejì á ní kí n jẹ́ kó fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn lẹ́yìn àìsàn ni, ya èyí tó wà ṣáájú. Etí òsì yín tóbi jù, mo mọ̀. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, pé ẹ kúkú máa ń gbọ́ ohun tí kò kàn yín.

Ohun tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Mo kúnlẹ̀ nídìí ògiri ẹ̀gbẹ́ kan nínú gbọ̀ngàn, mò ń tún pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀ kùn, kò sì sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Àǹtí wọlé. Awò ojú wọn wà nínú báàgì, ẹ sì mọ̀ pé wọ́n ṣì ń dúró kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú wọn. Oòrùn gba fèrèsé bọ́ sórí ilẹ̀, ó bọ́ sórí ẹsẹ̀ yín. Wọn ò rí mi rárá. Wọ́n gbé báàgì sílẹ̀, wọ́n ń bọ́ kóòtù wọn, wọ́n sì kọjú sí yín bí ẹni tó bá àbúrò rẹ̀ nínú páálọ̀.

“Lásísì, ṣé o ti jẹun?”

Mi ò mira. Pẹ́ńtì ń kán sórí bàtà mi láti orí búrọ́ọ̀ṣì, mo jẹ́ kó máa kán. Wọ́n dúró, kóòtù ṣì wà lápá kan, wọ́n ń retí kí ẹ dáhùn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé wọn.  Wọ́n bọ́ kóòtù náà tán, wọ́n fa àga kan wá síwájú yín, wọ́n jókòó, wọ́n sì yọ àwo oúnjẹ wọn nínú báàgì, wọ́n gbé e lé orí itan. Mo fi ìka ẹsẹ̀ rìn gba ilé ìdáná jáde.

Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ náà, Dádì. Gbogbo ohun tí mo ń sọ fún yín, gbogbo ohun tí mo fẹ́ bi yín, mi ò bi yín léyìí rí. Ṣé ẹ ti jẹun?

Èmi ni, ọmọ yín tó ń kun ògiri,
tí àárò yín ń sọ, tó sì fẹ́ràn yín ju bó ṣe mọ̀ ọ́n yà lọ.